Kọ̀ǹpútà Kékeré fún Géèmù: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹ̀yà Rẹ̀ ní Owó Pọ́ọ́kú

Ẹni tó bá ń gbé Ládìpọ̀ tàbí tó ń ṣòwò níbẹ̀ kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé tòkunbọ̀ fún un. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tú ẹ̀yà ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè níbẹ̀, tí wọ́n ń dán an wò, tí wọ́n sì ń tà á. Ọgbọ́n kan náà ni ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ ní kọ̀ǹpútà kékeré tó lè gbé géèmù láìná owó gọbọi. Ẹ kò ní ra ẹ́ńjìnnì láìbéèrè bóyá gíà tó wà nílẹ̀ bá a mu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà rí: èyí tó bá àwọn yòókù mu ni ẹ ń wá, ì báà má jẹ́ òun ló lágbára jù.

Ẹ lè ra gbogbo ẹ̀yà ní tuntun kí ẹ tò ó pọ̀ fúnra yín, tàbí kí ẹ ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kí ẹ fi káàdì kan kún un. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà owó òkèèrè, ẹ̀yà tuntun ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà ti ọ́fíìsì ni mo fara mọ́, òun náà ni màá ṣàlàyé jù.

Ẹ wọkọ̀ láti Òṣòdì lọ sí Ìkẹjà, kí ẹ wọ Computer Village, ní àdúgbò Otigba. Ẹ máa rí Dell OptiPlex, HP EliteDesk àti Lenovo ThinkCentre níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ òkèèrè ló kọ́kọ́ lò wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí wọ́n kó jáde á sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Iṣẹ́ lẹ́tà àti ìṣirò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe láyé wọn, nítorí náà ara wọn sábà máa ń le.

Ẹ wo ìwọ̀n wọn. Àwọn kan ga, wọ́n sì fẹ̀. Àwọn kan kéré tó ìwé tó nípọn; ẹ má ra ìyẹn fún géèmù, torí kò sí ihò tí ẹ máa ki káàdì bọ̀. Èyí tí ẹ ń wá wà láàrin méjèèjì. SFF ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ. Ó kéré tó láti wà lórí tábìlì nínú yàrá kan ṣoṣo, ó sì ní ihò fún káàdì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò gbogbo. Lára ti Intel, nọ́ńbà tó tẹ̀lé i3, i5 tàbí i7 ló ń sọ ìran rẹ̀: i5-6500 jẹ́ ìran kẹfà, i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ. Ẹ má ṣe rẹlẹ̀ ju ìran kẹjọ lọ bí owó bá ká a. i5-6500 ní kóòrù mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀ka tó lè dá iṣẹ́ ṣe nínú ọpọlọ. i5-8500, tó jáde lọ́dún 2018, ní mẹ́fà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró fún gbogbogbòò ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìran kẹjọ sì ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọpọlọ Intel wọlé. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn géèmù Valorant, kì í ṣí lórí Windows 11 àyàfi bí ètò ààbò TPM 2.0 àti Secure Boot bá wà ní títàn. OptiPlex 3060, 5060 àti 7060, EliteDesk 800 G4 àti ThinkCentre M720s wà lára àwọn tó gba ọpọlọ ìran kẹjọ.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ló kàn, ẹ jẹ́ ká rọra rìn ín. Power supply ni àpótí irin tó ń gba iná ara ògiri, tó ń sọ ọ́ di irú èyí tí ẹ̀yà inú lè lò. Apínná la ó máa pè é. Nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, agbára rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 180 sí 260 wáàtì, torí pé ọ́fíìsì ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kò rọrùn láti yọ ọ́ kí ẹ fi èyí tó tóbi rọ́pò, nítorí ìrísí rẹ̀ àti ẹnu wáyà rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wáyà àfikún tí àwọn káàdì ńlá máa ń gba iná láti inú rẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀.

Graphics card, káàdì àwòrán, ló ń ya ohun gbogbo tí ẹ ń rí nínú géèmù. Ihò PCIe tó ń wọ̀ sí lè fún un ní iná tó tó 75 wáàtì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, káàdì tí ẹ lè rà kò gbọdọ̀ jẹ ju 75 wáàtì, kò gbọdọ̀ ní ihò wáyà iná lára, ó sì gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tó kúrú, tí wọ́n ń kọ low profile sí lára páálí rẹ̀. Bí oníṣòwò bá fi káàdì gàgàrà hàn yín ní owó tó dùn mọ́ni, ẹ dúpẹ́ kí ẹ kọjá.

GTX 1650 kúkúrú ni mo yàn. Ó jáde lọ́dún 2019, ó ní ìrántí 4GB tirẹ̀, 75 wáàtì ló ń jẹ. Ó gbé GTA V àti Counter-Strike 2 dáadáa bí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ àti òjìji kù nínú ètò géèmù. Ẹ ṣọ́ra: irú kan wà tó ń béèrè wáyà iná, kò sì yẹ yín. Èyí tó kúrú sábà máa ń nípọn gba àyè ihò méjì. Nínú ẹ̀rọ mìíràn, apínná ti dí àyè kejì. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Bí àyè bá há, RX 6400 ọdún 2022 tẹ́ẹ́rẹ́, 53 wáàtì ló sì ń jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin péré ló fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ dípò mẹ́rìndínlógún, èyí tó ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ ìran kẹjọ. Quadro P1000 àti T1000, tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò, tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ẹ rí i pé ẹ gba ẹnu tó ń so wọ́n mọ́ HDMI, torí ojú ihò wọn kéré. GT 1030 kò ju géèmù fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Irú méjì ló sì wà lábẹ́ orúkọ yẹn: èyí tí wọ́n kọ GDDR5 sí yá, èyí tí wọ́n kọ DDR4 sí ń fà nílẹ̀. Ẹ má gba ti DDR4 rárá.

Irin pẹlẹbẹ kan wà ní ìdí káàdì tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ní tuntun, gígùn àti kúkúrú ló máa ń bá a wá; nínú ọjà tòkunbọ̀, kúkúrú ló máa ń sọnù. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó dúnàá dúrà.

RAM ni ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìrántí 16GB tó, kí ó jẹ́ 8GB lọ́nà méjì, torí igi méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yára ju ẹyọ kan lọ. Ní ti RAM, DDR4 ni kí ẹ rà. DDR3 kò wọ ihò rẹ̀. Fún ìpamọ́, ẹ ra SSD 512GB. GTA V nìkan lè gbà ju 70GB lọ, háàdì dísìkì àtijọ́ á sì mú yín dúró títí kí géèmù tó ṣí.

Bí ẹ bá ní owó fún tuntun, ọpọlọ Ryzen 5 5600G ti ní agbára àwòrán nínú, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìní káàdì. Ẹ fi í sórí bọ́ọ̀dù micro-ATX, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀ sí. Mini-ITX, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17 níbùú àti lóròó, kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń ga láìfi kún eré.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò. Ilẹ̀ wa ń lo 230 fóòtì, Amẹ́ríkà ń lo nǹkan bí 120. Apínná òmíràn tó ti Amẹ́ríkà wá ní bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn. Bí ó bá wà ní 115, ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó fi wáyà sí ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa bú. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí kò ní wàhálà yẹn. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ àti káàdì wa kì í sábà jẹ ju 200 wáàtì lápapọ̀, nítorí náà ínfátà 1kVA á gbé e pẹ̀lú mọ́nítọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ẹ ń lò, ẹ fi UPS sáàárín.

Ẹ ra ẹ̀rọ ná, ẹ ṣí i, ẹ wọn àyè inú rẹ̀, kí ẹ tó lọ ra káàdì. Ní ibi ìtajà, ẹ ní kí wọ́n fi ètò GPU-Z yẹ káàdì wò. Ó ń dá ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ tuntun bò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí géèmù ṣeré fún ogún ìṣẹ́jú lójú yín, kí ẹ máa gbọ́ ìró fáànù. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ àti ti káàdì wà nínú rẹ̀. Oníṣòwò tó bá kọ̀ kí ẹ dán ọjà wò, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.