Ìtumọ̀ àti Ìlò “Tidy” ní Èdè Yorùbá

Bí olùkọ́ kan ní Ìjerò tàbí Àrámọkọ bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ “tidy”, “mọ́” ni ọ̀pọ̀ wọn yóò kọ. Ìtumọ̀ náà kò pé. Yàrá tí a gbá tí a sì nù mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá fọ́n káàkiri ibẹ̀, kì í ṣe “tidy”.

Láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tí ó dúró fún àkókò ni “tidy” ti wá. Ohun tí ó bọ́ sí àkókò ni ó kọ́kọ́ ń tọ́ka sí, kí ó tó di ohun tí ó wà ní ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa tí ó súnmọ́ ọn jù ni “tò”, tí a ti rí “ètò” àti “létòlétò”. Iṣu tí àgbẹ̀ tò sínú abà wà létòlétò, bí erùpẹ̀ tilẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ààfin Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, níbi tí Agbọnbíofẹ́, àgbà gbẹ́gilére tí ó kú ní 1945, gbẹ́ òpó sí. Òpó kan ṣoṣo lè gún régé; ó di ìgbà tí òpó bá pọ̀ kí a tó lè wí pé wọ́n tò. Bákan náà, ìmúra ènìyàn a gún régé, ilé rẹ̀ a sì wà létòlétò.

Bí Òyìnbó bá wá wí pé “a tidy sum”, owó gọbọi ni. Ẹni tí ó bá kọ “owó mímọ́” ti sọ ọ̀rọ̀ iye di ọ̀rọ̀ ìwà.

Ohun tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ń ṣàpèjúwe ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó túmọ̀ rẹ̀.