Apòògùn àti Ìtọ́jú Àwọn Tí Àrùn Ọkàn Ń Ṣe

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé iṣẹ́ apòògùn kò ju kí ó ka hóró oògùn sínú àpò, kí ó sì gba owó rẹ̀. A fẹ́ fi hàn yín pé, fún ẹni tí àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe, lẹ́yìn tí a ti san owó náà tán ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ibà a máa dé, a ó lo oògùn fún ọjọ́ mélòó kan, a sì lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í sábà dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ó ń fi ipá ti ògiri iṣan, títí ọkàn yóò fi rẹ̀, tàbí tí iṣan kan nínú ọpọlọ yóò fi bẹ́. Àwa tí ń dúró lẹ́bàá ibojì ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà pé, "Kò ṣàìsàn kankan, ó kàn ṣubú lulẹ̀ ni." Oògùn a máa kó o níjàánu, ṣùgbọ́n kì í sábà lé e lọ pátápátá. Nítorí náà ẹni tí ó wí pé, "Ara mi ti le," tí ó sì pa oògùn tì, ọ̀tá ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún.

Dókítà lè má rí aláìsàn fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí oògùn bá tán, ọ̀dọ̀ apòògùn ni yóò padà sí. Níbẹ̀ ni apòògùn rere ti ń bi í pé: Báwo ni ẹ ṣe ń lò ó? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹ gbàgbé? Kí ni ẹ tún ń lò pẹ̀lú rẹ̀? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe òfófó. Lisinopril, tí ń dẹ iṣan, a máa mú kí àwọn mìíràn wú ikọ́ gbígbẹ. Wọn a sì jù ú sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí dókítà ìbá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ibuprofen, tí a ń rà fún ara ríro, lè dá omi dúró nínú ara, kí ó sì ba iṣẹ́ oògùn ọkàn jẹ́.

Ẹ̀rí wà pé àbójútó yìí ní èrè. Ní ọdún 2018, Dókítà Ronald Victor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn iṣẹ́ kan jáde láti Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ 52 ni wọ́n lò, pẹ̀lú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 319 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ní apá kan, onígbàjámọ̀ ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n lọ rí dókítà. Ní apá kejì, apòògùn ń wá bá wọn nínú ìsọ̀ náà, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì ń yan oògùn fún wọn, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà wọn. Lẹ́yìn oṣù 6, iye ti òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ti fi 27 dínkù lọ́dọ̀ àwọn tí apòògùn ń tọ́jú. Lọ́dọ̀ àwọn ìyókù, bíi 9 péré. Àwọn oògùn náà kì í ṣe àjèjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnìkan ń tọ aláìsàn lẹ́yìn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àti àgbo pẹ̀lú, lọ han apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe ẹni tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀. Ẹ má ṣe dá ọ̀kankan dúró láìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń fún yín mọ́ra, tàbí tí èémí kò já geere, ẹ má ṣe dúró ní ìsọ̀ oògùn rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ.