Mùsíọ́ọ̀mù Holocaust: Kí Ni Wọ́n Ń Pàtẹ Níbẹ̀, Kí Ló Sì Dé Tí Àsìkò Fi Ń Lé Wọn?

Láàárín ọdún 1933 sí 1945, ìjọba Násì ti Adolf Hitler ní Jámánì àti àwọn tó bá wọn dòwò pọ̀ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìpakúpa yìí ni ayé ń pè ní Holocaust. Wọ́n pa àwọn mìíràn náà: àwọn Roma, àwọn aláàbọ̀ ara, àwọn ará Poland, àti àwọn ọmọ ogun Soviet tí wọ́n mú lójú ogun. Oríṣiríṣi mùsíọ́ọ̀mù ló wà káàkiri ayé fún ìrántí ọ̀rọ̀ yìí, láti Jerúsálẹ́mù dé Washington, títí dé Cape Town níhìn-ín ní Áfíríkà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kéde ètò àti ìpàtẹ tuntun. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí àwọn ètò náà ṣe rí, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa lè mọ ohun tí ẹ ó máa wá nínú wọn.

Ìpàtẹ tí kì í kúrò nílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ti Washington, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1993, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. James Ingo Freed, ẹni tó ya àwòrán ilé náà, jẹ́ Júù tí wọ́n bí sí Jámánì, tó sì sá kúrò níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Àjà kẹrin ni àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí ìtàn ṣe ń le sí i.

Kí àlejò tó wọlé, ó lè mú káàdì ìdánimọ̀ kan tó ní ìtàn ẹnì kan tó gbé ayé rí. Bó ṣe ń lọ ni yóò máa ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí onítọ̀hún. Ìdí rẹ̀ kò le. Ọkàn ènìyàn kò lè gbé mílíọ̀nù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹnì kan tó ní orúkọ, iṣẹ́ àti ìlú.

Bákan náà ni wọ́n ṣe ti àwòrán. Ògiri gíga kan wà níbẹ̀ tó kún fún nǹkan bí 1,000 fọ́tò àwọn Júù ìlú Eishishok, tó wà ní Lithuania lónìí. Yaffa Eliach, tó yè é nígbà tó wà lọ́mọdé, ló lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó wọn jọ. Ìgbéyàwó, ilé ìwé, ọ̀rẹ́ tó ń ṣeré, ìyá àti ọmọ ló wà nínú wọn. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi pa àwọn Júù ìlú náà run nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941. Àlejò kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe gbé ayé, kó tó gbọ́ bí wọ́n ṣe kú.

Garawa wàrà kan

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró wò jù lọ ni garawa kan tí wọ́n fi ń gbé wàrà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn Násì há àwọn Júù Warsaw mọ́ àdúgbò tí wọ́n mọ ògiri yí ká, onímọ̀ ìtàn kan, Emanuel Ringelblum, kó àwọn ènìyàn jọ ní ìkọ̀kọ̀ láti máa kọ ohun tí ojú wọn ń rí sílẹ̀. Wọ́n kó ìwé ìròyìn, lẹ́tà, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ilé ìwé, àní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pàápàá. Wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú àpótí irin àti garawa wàrà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n hú apá kan jáde ní ọdún 1946, wọ́n sì rí òmíràn ní ọdún 1950. Nínú nǹkan bí 60 ènìyàn tó ṣe iṣẹ́ náà, mẹ́ta péré ló yè é. Ringelblum kò sí lára wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ̀ pé bí àwọn kò bá kọ ìtàn ara wọn, ẹni tó ń pa wọ́n ni yóò kọ ọ́.

Ìpàtẹ onígbà díẹ̀

Ìbéèrè kan pàtó ni irú ìpàtẹ yìí sábà máa ń dá lé. Èyí tí wọ́n ṣí ní Washington ní ọdún 2013 bèèrè ohun tí àwọn aládùúgbò ṣe nígbà tí wọ́n ń kó Júù lọ. Ti ọdún 2018 bèèrè ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ìbéèrè tó le ni, torí pé ní ọdún 1939, ọkọ̀ ojú omi St. Louis gbé èrò tó lé ní 900 kúrò ní Jámánì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Júù. Cuba kò gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Amẹ́ríkà náà kò gbà wọ́n, ọkọ̀ sì padà sí Yúróòpù. 254 nínú wọn ló kú nínú Holocaust.

Ọ̀rọ̀ náà kan ènìyàn dúdú pẹ̀lú. Ní ọdún 1937, ìjọba Násì fipá ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ Jámánì tí bàbá wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n má baà bímọ mọ́. Ó kéré tán, 385 ni wọ́n ṣe é fún.

Ọjọ́ tó yẹ ká sàmì sí

Ní 27 oṣù Kìíní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Soviet dé àgọ́ Auschwitz. Ní ọdún 2005, Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìrántí fún gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ ìrántí Yom HaShoah máa ń bọ́ sí, torí kàlẹ́ńdà àwọn Júù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lásìkò yìí, wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn tó kú sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ń rántí òru tí wọ́n jó sínágọ́gù kárí Jámánì ní ọdún 1938.

Àwọn ẹlẹ́rìí ń lọ

Ètò tí ènìyàn ń rọ́ lọ wò jù ni èyí tí ẹni tó là á já yóò jókòó, tí yóò sọ tẹnu rẹ̀, tí wọ́n yóò sì bi í ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ogun parí ti lé ní ẹni 80 ọdún báyìí. Láìpẹ́, kò ní sí ẹni tó lè sọ pé, “Mo wà níbẹ̀.” Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ USC Shoah Foundation fi ń gba ohùn àti àwòrán wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń bi ẹnì kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìbéèrè. Ní mùsíọ́ọ̀mù Illinois, akẹ́kọ̀ọ́ lè bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwòrán náà, kó sì fèsì. Ní Jerúsálẹ́mù, Yad Vashem ti kó orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ jọ.

Iṣẹ́ kánjúkánjú ni, nítorí àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹlẹ̀ ṣì wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, ọ̀kan nínú wọn, arúgbó ẹni ọdún 88, gbé ìbọn wá sí ẹnu ọ̀nà mùsíọ́ọ̀mù Washington. Stephen Tyrone Johns, ẹ̀ṣọ́ aláwọ̀ dúdú, ló nawọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Ó yìnbọn pa á.

Kò di dandan kí ẹ wọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó jàǹfààní. Ọ̀pọ̀ ìpàtẹ àti fídíò wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló kó nǹkan yìí jọ? Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Kí sì ni à bá má mọ̀ bí kò bá sí? Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ayé ṣubú ní àkókò yìí, ohun tó gbé e ṣubú ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù wọ̀nyí ń tọ́ka sí.