Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Dá Nìkan Sùn Sábẹ́ Abẹ

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ìmọ́tótó ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa obìnrin ni, àwọn tó ń lọ sábẹ́ abẹ nítorí ẹwà. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá, nítorí ọwọ́ wa wà nínú ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹnìkan nínú wa, ọmọ ọdún 22 tó ń ṣe POS lẹ́nu ọ̀nà ọjà, wá bá wa. Ó ti ń dá àjọ pẹ̀lú wa fún oṣù 10. Ó ní ká jọ̀ọ́, ká jẹ́ kí òun kó tòun kó tó kan òun, òun fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù. Àwa la mú ìwé àjọ lọ́wọ́. A yẹ̀wé wò, a rí i pé ọmọ náà kì í jẹ wá lówó. A ka owó fún un, a tún ṣàdúrà pé ṣọ́ọ̀bù náà á tù ú lára. A ò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì la gbọ́ igbe ìyá ẹ̀ ní ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́. Ọmọ ò gba ṣọ́ọ̀bù kankan. Ó ti wọkọ̀ lọ sí Èkó, sí ilé kan tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Orí fóònù ló ti rí wọn. Wọ́n ní àwọn á fa ọ̀rá ikùn ẹ̀, àwọn á fi sí ìdí ẹ̀, kí ìdí lè yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó jẹun. Bí wọ́n ṣe fún un lábẹ́rẹ́ oorun tán, oúnjẹ padà wá sí ọ̀fun, ó sì gba ọ̀nà èémí lọ. Àwọn tó fẹ́ ṣẹwà fún un ò ní ọ́síjìn, wọn ò ní ẹ̀rọ kan kan. Wọ́n gbé e sínú táásì, ó di ọsibítù ńlá. Ọjọ́ 11 ló lò níbẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó yè. Àmọ́ àjọ oṣù 10 ti lọ, ìyá sì ti jẹ gbèsè lé e.

Nígbà tí a lọ kí i, a bi í pé, "Ọmọ wa, kí ló dé tí o ò sọ fún ìyá ẹ?" Ohun tó fi dá wa lóhùn ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Látìgbà tí mo ti ń bá màámi wá sọ́jà lẹ ti ń pè mí ní Ìdí-pákó. Tí mo bá ń kọjá, ẹ ó ní kí n lọ yá ìdí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ta ni kí n wá sọ fún?"

Ẹnu wa wọhò. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí à ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nídìí igbá, ọmọ ń kó o lọ sílé. Òun àti ìyá ẹ̀ ló yọ̀ǹda pé ká sọ ọ́ fáyé gbọ́.

OORUN ABẸ KÌ Í ṢE OORUN ILÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé abẹ́rẹ́ oorun, kéèyàn kàn sùn kó sì jí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Tí èèyàn bá ń sùn nílé tí itọ́ bá gba ọ̀nà òdì, á húkọ́, á jí. Oorun oògùn ò jẹ́ kí ara lè húkọ́. Ó lè dá èémí dúró, ó lè fa ìfúnpá wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn má jẹun fún wákàtí 6 ó kéré tán kí wọ́n tó kùn ún lóorun. Ìdí nìyẹn náà tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ oorun fi gbọ́dọ̀ jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó máa ṣọ́ èémí, ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀. Ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ ò lè máa ṣọ́ oorun mọ́ ọn. Kódà, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú kan péré kú, tó bá pọ̀ jù, ó lè ba ọkàn jẹ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ẹni tó lọ sí kọ̀rọ̀ nìkan ló ń rí i. Ṣé ẹ ò gbàgbé Ìyáàfin Stella Obasanjo, ìyàwó Ààrẹ wa nígbà náà? Ilẹ̀ Sípéènì ló lọ, kì í ṣe pé kò sówó. Iṣẹ́ abẹ ẹwà ló lọ ṣe níbẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005, kò tíì pé ọmọ 60 ọdún. Ní 2009, ilé ẹjọ́ nílẹ̀ Sípéènì dá dọ́kítà tó ṣiṣẹ́ náà lẹ́bi, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un. Ẹ̀wọ̀n dọ́kítà ò jí òkú.

Kì í sì í ṣe àgbà nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ ọdún 18 kan ní Florida nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ tún ọmú ẹ̀ ṣe, kò padà wálé. Àrùn kan wà tó ń bá ẹbí kiri, tí kì í fara hàn lọ́jọ́ kan, àfi tí irú àwọn oògùn oorun kan bá kàn án. Ara á gbóná sódì, iṣan á gan, ọkàn á dà rú. Ohun tí wọ́n ní ó mú ọmọ náà nìyẹn. Oògùn tó ń rọ̀ ọ́ wà, dantrolene lorúkọ ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí wọ́n sì tètè lò ó.

Ti ìdí yìí wá burú ju àwọn yòókù lọ. Bí ọ̀rá tí wọ́n ń gún sínú ìdí bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní 2018, àwọn ẹgbẹ́ dọ́kítà oníṣẹ́ abẹ ẹwà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ kìlọ̀ pé, nínú nǹkan bí 3,000 tó bá ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan kú.

OHUN TÍ ÌYÁ MỌ̀ TÍ DỌ́KÍTÀ Ò MỌ̀

Ẹ̀yin ìyá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Ọmọ tó bá yọ́ lọ, ó ti fi ẹni tó mọ ìtàn ara ẹ̀ sílẹ̀ sílé. Àwọn nǹkan tó yẹ kí dọ́kítà gbọ́ rèé:

1. Ṣé ẹnìkan nínú ẹbí bàbá tàbí ti ìyá ti kú rí lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ara ẹ̀ gbóná sódì níbẹ̀?

2. Ṣé ọmọ náà jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde? Òtútù, òùngbẹ àti àìtó ọ́síjìn lè mú kí àrùn náà dìde lójú abẹ.

3. Ṣé ó ní ásímà? Ṣé oògùn kan wà tí kì í bá ara ẹ̀ mu?

4. Ṣé ó ń bóra? Awọ tí ìpara ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n bá rán an, ó máa ń ya, egbò á sì pẹ́ kó tó jiná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìpara nínú wa náà mọ ohun tí à ń wí.

5. Ṣé àpá máa ń wú lára ẹ̀? Ojú abẹ lè wú burúkú ju ohun tó fẹ́ tún ṣe lọ.

6. Àgbo wo ló ń mu, tíì ìfọnra wo? Àwọn kan ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdá.

Ẹ béèrè tiyín náà. Ta ni yóò fún un lóorun? Ṣé ọ́síjìn wà? Tí nǹkan bá yíwọ́, ọsibítù wo ni wọ́n ń gbé e lọ? Ìgbìmọ̀ MDCN ló ń forúkọ dọ́kítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. L'Ékòó, HEFAMAA ló ń fún ilé ìtọ́jú níwèé. Ilé tó bá níwèé, kò ní bínú pé ẹ béèrè. Ní 2020, ìjọba ti ilé ìṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa l'Ékòó lẹ́yìn tí obìnrin kan kú. Kí wọ́n tó ti ilé pa, òkú ti sùn.

A ò sọ pé gbogbo iṣẹ́ abẹ ló burú o. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè lílà, ẹni tí iná jó, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá, abẹ dára fún wọn. Ẹni tó bá sì ti dàgbà tó ní dandan òun á ṣe é, ara ẹ̀ ni. Àmọ́ kó má yọ́ lọ.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ FẸNU KÒ LÉ

Ní ìpàdé gbogbogbò, àwọn kan ní ká máa bi olúkúlùkù ohun tó fẹ́ fi àjọ ẹ̀ ṣe. A ní rárá, owó olówó ni. Ohun tí gbogbo wa fọwọ́ sí ni pé, láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fi ara ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín nínú ọjà yìí, ìbáà ṣe ìdí, ìbáà ṣe ọmú, ìbáà ṣe dúdú ara, yóò san ₦1,000 owó ìtanràn. Àwa akọ̀wé la kọ́kọ́ san tiwa, nítorí a ti pe ọmọ náà ní Ìdí-pákó rí.

Ọmọ náà ti padà sídìí POS ẹ̀. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ àjọ, ó ní ti ṣọ́ọ̀bù ni lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ẹ dúró kí i. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ ni kí ẹ fi pè é.

Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí o. Ẹ kú ọjà.