Yíyọ̀ àti Yíyí Nínú Eré Bóólìn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'yíyí', kò tó láti fi ṣàpèjúwe ìrìn bọ́ọ̀lù nínú eré bóólìn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà dé ìdí igi mẹ́wàá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60; òróró ni a sì ń fi pa nǹkan bí 40 àkọ́kọ́. Lórí òróró, bọ́ọ̀lù a máa yọ̀. Ibi gbígbẹ ni ilẹ̀ ti ń dì í mú, tí ó ń yà, tí ó sì wá ń yí. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní 'yíyí' kò ní lè ṣàlàyé ìdí tí a fi ń fi sáńdípépà họ ara bọ́ọ̀lù nígbà tí òróró bá pọ̀, tí a sì ń mú èyí tí ń dán nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ. (Ìwúwo, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń bèèrè, kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 16 lọ.) Òróró kì í sì í dúró sójú kan: bọ́ọ̀lù ń gbé e kúrò díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó bá ọ̀nà mu ní ìbẹ̀rẹ̀ eré sì lè máa yà jù kí eré tó parí.