Suzuki Àtijọ́ Tí Ń Rú Èéfín: Ohun Tí A Fẹ́ Lára Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Ń Fi Ara Wa Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni, pàápàá jù lọ àwọn tí ó ti dàgbà nínú wọn, irú Suzuki 100 àti Yamaha tí ń dún pàrà-pàrà, tí èéfín aláwọ̀ aró sì ń tẹ̀lé lẹ́yìn bí ìrù. Ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ó kàn mí, nítorí pé àpá kan wà ní ẹsẹ̀ mi ọ̀tún lápá inú, tí ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ àtijọ́. Sàláńsà Suzuki bàbá mi ni ó fi í sí i nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ràn máṣìn náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀tá ni mo jẹ́ sí i. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká mọ́, irú máṣìn yìí ni ó gbé ọ̀pọ̀ ilé ró. Òun ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe iṣẹ́ tí a wá ń pè ní ọ̀kadà, orúkọ tí a yá lára ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ti Olóyè Gabriel Igbinedion. Bàbá mi a máa di àpò kòkó sí ẹ̀yìn rẹ̀, a fi èmi sí àárín ara rẹ̀ àti àpò náà, a ó sì gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ tí mọ́tò kò lè gùn nígbà òjò. Ohun èlò inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pọ̀: písítìnnì kan, ríǹgì, púlọ́ọ̀gì kan. Bí ó bá kú sí ọ̀nà oko, bàbá mi yóò yọ púlọ́ọ̀gì náà, yóò fi etí páálí ìṣáná ha èédú ara rẹ̀ kúrò, yóò fẹ́ ẹ, yóò fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì tún máa lọ. Ta ni yóò rí irú ẹrú olóòótọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà ni àrùn rẹ̀ ti wá. Àwọn Bajaj àti TVS tí ó kún ìkóríta Ore nísinsìnyí, ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n. Ìrìn mẹ́rin ni písítìnnì wọn ń rìn kí iná tó ṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ó fa epo wọlé, ó fún un pọ̀, iná ràn án, ó lé èéfín jáde. Ti Suzuki àtijọ́, ìrìn méjì péré ni. Ìgbàkígbà tí písítìnnì bá ti gòkè, iná ṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi ní agbára ju bí ó ti tóbi lọ. Ṣùgbọ́n nítorí ìkánjú yìí, ilẹ̀kùn tí epo tuntun ń gbà wọlé àti ilẹ̀kùn tí èéfín ń gbà jáde ṣí papọ̀ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni epo tí kò tíì jó a sì bá èéfín jáde. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta epo tí ẹ fi owó yín rà. Bákan náà, kò ní ìkòkò ọ́ílì tirẹ̀ lábẹ́ bí ti Bajaj. Inú epo bẹntiróòlù ni ọ́ílì ń bá wọlé, tí òun náà yóò sì jó. Èéfín aláwọ̀ aró tí ẹ ń rí yẹn, ọ́ílì ni.

Kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ọ̀gbẹ́ni Dugald Clerk ará Scotland gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ́ńjìnnì yìí ní 1881, Joseph Day ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di èyí tí ó rọrùn ní 1891. Yamaha àkọ́kọ́ tí ó jáde ní Japan ní 1955, DKW ti Jámánì ni wọ́n wò ṣe é. Ní 1961 ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi alùpùpù sáré ìdíje, Ernst Degner, sá kúrò ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ó gbé àṣírí ẹ́ńjìnnì MZ tọ Suzuki lọ. Nígbà tí ó di 1962, Suzuki gba ipò kìíní lágbàáyé. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọgbọ́n tí wọ́n jí ní òkè òkun ni ó gbé kòkó bàbá mi dé ọjà.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo èéfín náà. Mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni èérún ọ́ílì tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée kò ní fara dà á. Èkejì ni benzene tí ó wà nínú epo tí kò jó, èyí tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn bá ń fà á símú fún ọdún pípẹ́. Ẹ̀kẹta ni carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ń gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ń gun máṣìn fi èéfín sílẹ̀ lẹ́yìn ó lọ. Ìyá alákàrà tí ó jókòó sí ìdí ibùdókọ̀ láti àárọ̀ ni ó ń fà á, àti ọmọ tí ó pọ̀n. Ní Cotonou, níbi tí àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan ti fi irú máṣìn yìí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí epo inú ìgò láti Nàìjíríà sì ń bọ́ wọn, ojú a máa ta ènìyàn lójú pópó. Ní Dhaka, ní ilẹ̀ Bangladesh, ìjọba lé gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ní irú ẹ́ńjìnnì yìí kúrò nígboro ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, afẹ́fẹ́ ìlú náà sì dára sí i kíá.

Ẹ má sọ pé ẹ kò ní Suzuki nílé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour," ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Suzuki: ìrìn méjì, ọ́ílì nínú epo. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Suzuki ń sá lọ, jẹnẹrétọ̀ dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé yín títí ilẹ̀ fi mọ́. A ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tí ó sùn tí kò jí ju ìgbà kan lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ má ṣe tan án nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má ṣe tan án ní ilé ìdáná tàbí lẹ́bàá fèrèsé tí ó ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí ẹ ń ti máṣìn wọ pálọ̀ lálẹ́ nítorí olè. Mo mọ̀ pé olè wà. Ṣùgbọ́n ẹ tì í jáde kí ẹ tó tan án láàárọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí fìtílà tàbí sítóòfù wà nítòsí rẹ̀ lóru. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì sì ń gbé wọn, ibà kọ́. Ẹ gbé wọn síta kíákíá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sàláńsà. Láàrin gbogbo ohun tí ń bá máṣìn wọ dìsípẹ́ńsárì mi, iná sàláńsà ni mo ń rí jù. Obìnrin tí ó wọ ṣíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ilé ìwé tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, ẹsẹ̀ kan ìrin gbígbóná, ó parí. Iná náà lè má tóbi, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn wọ́n mú ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ wá bá mi ní ọjọ́ kẹfà. Wọ́n ti fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹnì kan fi ọ́ílì máṣìn sí i, ìyá àgbà fi ẹyin tútù lé e, èèpá gbogbo rẹ̀ sì ti bo egbò tí ń rùn. Mo lo wákàtí kan kí n tó rí ojú egbò náà. Oṣù méjì ni a fi wẹ̀ ẹ́, ó sì ń tiro títí di òní díẹ̀díẹ̀. Ohun tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn ni omi. Bí sàláńsà bá jó yín, ẹ bu omi tútù tí ó mọ́ sí ibẹ̀, kí omi náà máa ṣàn lórí rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe àdín. Bí ẹ kò bá rí omi lójú ẹsẹ̀, ó ṣì wúlò títí wákàtí mẹ́ta. Ẹ má bẹ́ ìléròrò rẹ̀, nítorí awọ náà ni bándéèjì tí Ọlọ́run fi bò ó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn lọ, tàbí tí ó jẹ́ ọmọdé, tàbí tí ó wà ní oríkèé, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú, nítorí àrùn tí ń pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé, tí ń tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, kò fẹ́ egbò ńlá kí ó tó wọlé.

Èyí tí ó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni fífi ẹnu fa epo. Suzuki jẹun ju Bajaj lọ, epo sì wọ́n. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan fò kúrò ní nǹkan bí 190 náírà tí ó kọjá 500, fífa epo láti inú máṣìn kan sí èkejì wá pọ̀. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 19, fi róbà fa epo lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó gbé díẹ̀ mì. Ohun tí ó gbé mì kọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn ará ilé fún un ní epo pupa kí ó lè bì, ó bì lóòótọ́, epo bẹntiróòlù náà sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ó ń padà bọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó ń mí bí ajá tí ó sáré. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi í sí ẹ̀rọ atẹ́gùn, ó yè. Mo bẹ̀ yín, bí ọmọdé tàbí àgbà bá gbé epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fi ìka sí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ta sí, ẹ fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e wá. Bí ó bá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, a óò fẹ́ kí ó wà lójú wa fún ọjọ́ kan. Róbà tí ó ní bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Ẹ má sì rọ epo sínú ìgò mínírà tí ọmọ mọ̀ sí ohun mímu.

Ìṣubú ni mo fi ṣìkejì sí ìparí. Bí ọ́ílì kò bá tó nínú epo Suzuki, tàbí tí ẹ bá pa epo rẹ̀ dé nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, písítìnnì lè lẹ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀ lójijì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì dúró gbagidi. Àwọn mẹkáníìkì ní kí ẹ tètè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Èmi ní kí ẹ dé akoto. Akoto tí ó bá orí mu, tí a sì so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ìwádìí fi hàn pé ó ń dín ikú kù ní 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní 69 nínú 100. Ẹ rántí January 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ní dandan ni, tí àwọn kan dé igbá, tí àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, tí èrò sì ń sọ pé oògùn wà nínú akoto ọlọ́kadà. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwọn tí wọ́n gbé lọ sí Trauma and Surgical Centre ní ìlú Ondo láti ìgbà náà wá kò lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ti gbé Suzuki bàbá wa jáde láti ìdí àgbàlá. Ó ti tún un kùn ní pupa. Mo ní kí ó jó páánù kan mọ́ ara sàláńsà kí ó má bàa kan ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́, kí ó fi ohun èlò òṣùwọ̀n wọn ọ́ílì tuntun, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lò, mílílítà 200 sí lítà epo márùn-ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní nọ́ọ̀sì ti di mẹkáníìkì. Ó fẹ́ gbé mi dé Oniparaga ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti ra akoto méjì, mo sì ti wá ṣòkòtò gígùn kan jáde nínú àpótí.