Kí Olùkọ́ Tó Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́ ni ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ṣáínà, inú ẹbí á dùn. Bàbá lè fẹ́ ta ilẹ̀. Ìyá lè fẹ́ kó èésú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹbí, ìbéèrè mẹ́ta wà.

Èkíní, ta ni òfin gbà? Ìlànà Ṣáínà ni pé kí olùkọ́ èdè àjèjì máa kọ́ni ní èdè abínibí rẹ̀, kí ó sì ti gboyè ní yunifásítì. Báwo ni ilé ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà fún ọmọ Benin?

Èkejì, irú físà wo ni? Físà Z ni ti iṣẹ́. L ni ti ìrìn-àjò afẹ́. Ẹni tí ó bá fi L ṣiṣẹ́ rú òfin. Ìjọba lè bu owó ìtanràn lé e, kí ó sì dá a padà sílé. Bí ọ̀gá kò bá sanwó fún un, ẹ̀rù kò ní jẹ́ kí ó fẹjọ́ sùn.

Ẹ̀kẹta, ìwé àdéhùn dà? Owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Ṣáínà wà ní Kútọnu. Ibẹ̀ ni kí ẹbí ti béèrè nípa físà. Abéèrè kì í ṣìnà. Bí ìdáhùn bá dára, ilẹ̀ ṣì wà fún títà. Bí kò bá dára, ilẹ̀ ṣì wà fún oko.